Orí Àgbò ní Ọ̀wọ̀

Bí ẹ bá rí ọmọ ilé-ìwé tó fi ayùn tín-ín-rín gé ẹyẹ tàbí ìjàpá jáde lára pákó pẹlẹbẹ, tó kùn ún, tó gbé e kọ́ sára ògiri, ẹ má ṣe pè é ní eré lásán. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń fi igi ṣe ẹranko ní ilẹ̀ Ọ̀wọ̀, ẹranko náà sì ní iṣẹ́ tó ń jẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a mú àgbò. Nínú ilé àwọn ìjòyè Ọ̀wọ̀, wọ́n máa ń tẹ́ ojúbọ fún àwọn baba tó ti lọ, wọn a sì gbé orí àgbò tí a fi igi gbẹ́ lé e. Osanmasinmi ni wọ́n ń pè é. Nígbà mìíràn, orí àgbò gan-an ni gbẹ́nàgbẹ́nà yóò gbẹ́. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ojú ènìyàn ni, tó hu ìwo àgbò méjì, tí ìwo náà sì ká kòǹgbà bí ìkarahun ìgbín. Kí ló dé tó fi jẹ́ àgbò? Àgbò ni ẹran tí ọmọ ń pa bọ baba rẹ̀. Àgbò náà ni kì í sá fún ìjà. Bó bá tàdí mẹ́yìn, agbára ló lọ mú wá. Ẹran ìrúbọ àti akọni, méjèèjì wà nínú igi kan ṣoṣo. Lójú tèmi, ọgbọ́n tó wà nínú èyí kò kéré.

Ayùn a máa tẹ̀lé ìlà tí a fà sórí pákó. Ẹranko tó bá gé kò ní ikùn, kò ní ẹ̀yìn. Ti gbẹ́nàgbẹ́nà kò rí bẹ́ẹ̀. Ọnà lílé ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀: àáké yóò la igi náà títí ibi tí orí àti ìwo wà yóò fi hàn. Alétúnlé ló kàn, tí ojú, imú àti etí yóò yà sọ́tọ̀. Lẹ́yìn èyí ni dídán, kí ara igi lè jọ̀lọ̀. Fínfín ló gbẹ̀yìn, tí ọ̀bẹ yóò fa ìlà wẹ́wẹ́ sára ìwo. Bí ọnà lílé bá ti wọ́, kò sí fínfín tó lè tún un ṣe.

Ikán kì í jẹ́ kí igi dàgbà, nítorí náà amọ̀ ló ń jẹ́rìí fún wa nípa ayé àtijọ́. Ní 1971, Ekpo Eyo wa ilẹ̀ ní Igbó Lájà nínú Ọ̀wọ̀, ó sì rí ère amọ̀ sísun tó ti wà níbẹ̀ láti nǹkan bí 1400 sí 1500. Ọ̀kan nínú wọn ni ẹkùn tó há ẹsẹ̀ ènìyàn mọ́ ẹnu! Àwọn tó ń gbẹ́ eyín erin ní Ọ̀wọ̀ náà lókìkí. Iṣẹ́ ọwọ́ wọn wà ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù.

Orí àgbò Ọ̀wọ̀ ti dé Metropolitan Museum ní New York pẹ̀lú. Wọ́n kọ orúkọ ìlú sí i, ṣùgbọ́n orúkọ ẹni tó gbẹ́ ẹ kò sí níbẹ̀. Èyí dùn mí ju lílọ tó lọ sí òkè òkun lọ, nítorí a lè rí ère padà lọ́jọ́ kan, ṣùgbọ́n ta ni yóò bá wa rí orúkọ?

Láti 1968 ni ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ti wà nínú Ọ̀wọ̀, níbi tí wọ́n kó àwọn ohun àtijọ́ ààfin Ọlọ́wọ̀ sí. Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé Ọ̀wọ̀ àti Ìfọ̀n, ẹ bẹ olùkọ́ yín kó mú yín lọ. Bí irú orí àgbò bẹ́ẹ̀ bá sì ṣẹ́ kù nínú agbo-ilé yín, ẹ bi bàbá àgbà léèrè ẹni tó gbẹ́ ẹ, kí ẹ kọ orúkọ náà sílẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà gan-an.