Ìpele ìṣòro nínú géèmù ogun ayé àtijọ́

Ìpele ìṣòro ni ètò tí ẹni tó ń gbá géèmù ogun lórí kọ̀ǹpútà fi ń yan bí ọ̀tá yóò ṣe le tó. Nínú Europa Universalis IV (2013), tí iléeṣẹ́ Paradox ti ilẹ̀ Sweden gbé jáde, èèyàn lè ṣàkóso Ọ̀yọ́ láti ọdún 1444. Bó bá yan ìpele líle, ọgbọ́n kọ̀ǹpútà kò pọ̀ sí i. Àǹfààní ni wọ́n bù kún ti kọ̀ǹpútà náà. Géèmù mìíràn, Civilization VI (2016), ní ìpele 8. Nínú èyí tó le jù, ikọ̀ atẹ̀lúdó 3 ni ọ̀tá fi ń bẹ̀rẹ̀, ènìyàn ní 1 péré, ọmọ ogun ọ̀tá sì tún lágbára jù. Ààbò ìlú ló gbọ́dọ̀ ṣáájú ìkógun níbẹ̀. Fífi ààbò ṣáájú bẹ́ẹ̀ jọ ìtàn ìlú Ẹdẹ nílẹ̀ Yorùbá: wọ́n ní Aláàfin Ọ̀yọ́ ló rán Tìmì, ògbójú tafàtafà, lọ tẹ ìlú náà dó kó lè dá àwọn akógun Ìjẹ̀ṣà dúró. Ní ìpele ìrọ̀rùn, kò sẹ́ni tí yóò rántí kọ́ irú ìlú ẹ̀ṣọ́ bẹ́ẹ̀.