Kọ́bọ̀ Nínú Mítà

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tí gbogbo ilé ń pè ní Màmá Lọ́ńdọ̀nù, dé Ìlú Ọba ní ọdún 1962 láti kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Yàrá kan ni ó háyà ní Peckham. Sítóòfù olójú kan wà ní kọ̀rọ̀, mítà gáàsì sì wà lára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó lẹ́nu bíi kóló. Bí Màmá bá fẹ́ se omi tíì, á ki ṣílè kan bọ ẹnu mítà, á yí ọwọ́ rẹ̀, ṣílè á dún lulẹ̀ nínú àpótí irin, gáàsì á sì dé. Ó ní ìṣirò ni Lọ́ńdọ̀nù kọ́kọ́ kọ́ òun: ṣílè kan kò lè se ẹ̀wà jinná. Bí iná bá kú nígbà tí ẹ̀wà ṣì le, tí kò sì sí ṣílè nílé, á gòkè lọ kan ilẹ̀kùn ọmọ Ìjẹ̀bú kan tó ń kọ́ ìmọ̀ òfin. Ọ̀gbẹ́ni yẹn á mú ṣílè wá, á sì dúró jẹ nínú ẹ̀wà náà. Ọwọ́ onílé ni kọ́kọ́rọ́ àpótí wà. Títí Màmá fi kú ni ó ń sọ pé onílé yẹn yí mítà náà kí ó lè máa jẹ ṣílè kíákíá.

Èmi dé ní 1991. Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó nínú ilé wọn ni mo fi ọgbọ̀n ọdún ṣe, mo sì ti tẹ́ orúnkún nílẹ̀ níwájú mítà abẹ́ àtẹ̀gùn ju bí mo ṣe lè kà lọ. Bí ìsìn bá parí ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Old Kent Road, àwọn ìyá a máa kó ìwé owó gáàsì wá bá mi nínú ọ̀rá: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi wo èyí, kí ni wọ́n ń wí?” Níbi tí mo ti ń ṣàlàyé ni mo ti rí i pé ìlà kọ̀ọ̀kan lórí bíìlì náà ló ní ìtàn, àti pé àdúgbò tí a jókòó sí yìí gan-an ni púpọ̀ nínú ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀.

Férémù irin roboto kan wà nítòsí ibẹ̀, tó ga ju àwọn ilé tó yí i ká lọ. Ohun tó ṣẹ́ kù lára àgbá gáàsì ni. South Metropolitan Gas Company ló kọ́ ọ láàárín 1879 àti 1881, George Livesey sì ni ẹnjiníà wọn. Ní ìgbà tí wọ́n parí rẹ̀, kò sí èyí tó tóbi tó o láyé. Gáàsì ìgbà náà kì í ti inú ilẹ̀ wá. Èédú ni wọ́n ń fi ọkọ̀ ojú omi kó láti àríwá wá sí odò Thames, ọkọ̀ kéékèèké á sì gbé e gba Surrey Canal dé ẹnu ilé-iṣẹ́. Wọn á dì í sínú ìkòkò ńlá tí atẹ́gùn kò lè wọ̀, wọn á koná mọ́ ọn nídìí, ohun tó bá rú jáde ni wọn á fọ̀ mọ́, tí wọn á sì tọ́jú sínú àgbá. Wákàtí 12 ni àwọn tó ń fi ṣọ́bìrì da èédú ń ṣe lóòjọ́ títí di 1889, tí Will Thorne kó wọn jọ sínú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, tí wọ́n sì gba wákàtí mẹ́jọ. Livesey kò fẹ́ ẹgbẹ́ náà. Wọ́n yanṣẹ́ lódì lọ́dọ̀ rẹ̀ ní Oṣù Kejìlá ọdún yẹn, ó kó àwọn ẹlòmíràn wá síṣẹ́, wọ́n sì pàdánù ní Oṣù Kejì 1890. Ó máa ń dùn mí bí mo bá rántí wọn, nítorí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọkùnrin yẹn ni kò ní gáàsì nílé ara wọn.

Títì àti ilé olówó ni gáàsì wà fún láti ìbẹ̀rẹ̀. Pall Mall ti ń tàn láti 1807, ilé-iṣẹ́ tó kọ́kọ́ gba ìwé-àṣẹ ọba láti ta á sì bẹ̀rẹ̀ ní 1812. Oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni bíìlì ń dé. Òṣìṣẹ́ tó ń gbowó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kò lè rí owó oṣù mẹ́ta san lẹ́ẹ̀kan, ilé-iṣẹ́ kò sì fẹ́ dá a láwìn. Ní ìparí àwọn ọdún 1880 ni Brownhill, ará Birmingham, ṣe mítà tó ń gba kọ́bọ̀ kí ó tó tú gáàsì sílẹ̀. Láàárín ọdún díẹ̀, South Metropolitan ti ń gbé e wọ ilé àwọn mẹ̀kúnnù gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n sì ń yá wọn ní sítóòfù pẹ̀lú rẹ̀. Bí agbowó bá dé, á da kọ́bọ̀ sórí tábìlì, á kà á, á tò ó ní ọ̀wọ̀ọ̀wọ́, á sì dá díẹ̀ padà fún ìyáálé. Inú àwọn obìnrin máa ń dùn sí owó àdápadà yẹn bí ẹni kó àjọ. Ṣùgbọ́n owó ara wọn ni. Gáàsì tí wọ́n ń fi kọ́bọ̀ rà wọ́n ju ti ẹni tó ń gba bíìlì lọ. Ọ̀rọ̀ tí mo ń tẹnu mọ́ fún àwọn tó ń kó ìwé wá bá mi nìyẹn, títí di 2023: ẹni tó ń sanwó kí ó tó dáná ni wọ́n ń tà á fún ní ọ̀wọ́n, ẹni tó dáná tán kó tó sanwó ló ń rà á ní pọ́ọ́kú.

Nǹkan kan yí padà ní 1920: òfin ní kí wọ́n máa ta gáàsì gẹ́gẹ́ bí ooru tó wà nínú rẹ̀. Ibẹ̀ ni ìṣirò tó ń dààmú gbogbo ènìyàn lórí bíìlì ti wá. Mítà ń ka bí gáàsì ṣe pọ̀ tó. Wọ́n á sọ ọ́ di ooru, á wá jẹ́ kWh. Ẹ mú 100 tí mítà kà, ẹ fi 1.02264 sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ tún fi ooru gáàsì ọjọ́ yẹn sọ ọ́ di púpọ̀, ká ní 39.5, kí ẹ wá fi 3.6 pín in. 1,122 ni yóò jáde. Mo kọ ọ́ sára pátákó kan ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Ìjọba gba gbogbo ilé-iṣẹ́ gáàsì ní Oṣù Karùn-ún 1949. Ní 1965, wọ́n rí gáàsì lábẹ́ Òkun Àríwá, láàárín 1967 àti 1977 sì ni wọ́n lọ láti ilé dé ilé láti tún sítóòfù ṣe fún un. Màmá Lọ́ńdọ̀nù rántí àwọn òṣìṣẹ́ yẹn dáadáa. Wọ́n da yàrá rẹ̀ rú odindi ọjọ́ kan. Gáàsì èédú ní májèlé nínú, tuntun yìí kò ní in, ooru rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì. Nígbà tó di 1986, wọ́n ta British Gas fún aráàlú. Láàárín 1996 àti 1998, a di ẹni tó lè yan ẹni tí yóò ta gáàsì fún un. Ìdí nìyẹn tí orúkọ tó wà lókè bíìlì kì í fi í ṣe ti ẹni tó ni páìpù. Òórùn gáàsì kì í ṣe ẹjọ́ ẹni tó ń gbowó. 0800 111 999 ni ẹ ó pè.

Káàdì ti gba ipò owó irin nígbà náà, ṣùgbọ́n ẹnu mítà kò pa dé. Owó kan wà tí wọ́n ń gbà lójoojúmọ́, yálà ẹ dáná tàbí ẹ kò dáná. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí ẹnikẹ́ni kò tan ẹ̀rọ amúlé-móoru, gbèsè rẹ̀ ń pọ̀ sí i jẹ́jẹ́. Bí òtútù bá dé, ẹni tó fi pọ́n-ùn 10 sí káàdì á rí i pé mítà ti gbé mẹ́fà nínú rẹ̀. Ní 2021, ilé-iṣẹ́ atagáàsì tó ju 25 lọ ló kógbá sílé, àwa oníbàárà ni wọ́n sì di gbèsè wọn lé lórí, nínú owó ojoojúmọ́ yẹn.

Oṣù Kìíní 2023 ni opó kan mú lẹ́tà wá. Ilé-iṣẹ́ tó ń ta gáàsì fún un ti gba àṣẹ ilé ẹjọ́ láti já wọlé, kí wọ́n sì fi mítà káàdì síbẹ̀ nítorí gbèsè. Ẹni ọdún 71 ni, àyà rẹ̀ kò gba òtútù. A jókòó, a kọ lẹ́tà, a so ìwé dókítà mọ́ ọn. Ní Oṣù Kejì, Ofgem, àjọ ìjọba tó ń ṣọ́ àwọn tó ń ta gáàsì, ní kí wọ́n dáwọ́ irú rẹ̀ dúró, àwọn adájọ́ náà kò sì buwọ́ lù ú mọ́. Kò sí ẹni tó wá. Ní oṣù Keje ọdún yẹn, ìjọba mú iye tí oníkáàdì ń san bá ti àwọn yòókù dọ́gba.

Bíìlì tó tẹ̀lé e dé, opó náà mú un wá nínú ọ̀rá rẹ̀. Wọ́n ti kọ owó ìwé-àṣẹ ilé ẹjọ́ náà mọ́ gbèsè rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò lò ó. Mo fa àga, ó fa tirẹ̀, a tún mú bírò.