Ọkọ̀ Agolo Ọmọ Mushin

Bí àwọn òpìtàn bá ń sọ ìtàn ọkọ̀ ní ilẹ̀ wa, ọkọ̀ tí àgbà ń wọ̀ ni wọ́n máa ń sọ. Èyí tí ọmọdé fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe kì í sí nínú ìwé. Bẹ́ẹ̀, ní èrò tèmi, ọkọ̀ agolo tí àwọn ọmọ Mushin, Yaba àti Sùúrùlérè ń fà kiri ìgboro ní àwọn ọdún 1970 ní ìtàn tí ó yẹ kí a gbọ́.

Ní 1957, Gẹ̀ẹ́sì kan tí ń jẹ́ Fred Francis gbé ohun ìṣeré kan jáde tí ó pè ní Scalextric. Ọkọ̀ kékeré ni, àwòkọ Ferrari àti Maserati tí a fi ń díje eré sísá. Iná mànàmáná ni ó ń mú un sáré. Ihò tẹ́ẹ́rẹ́ tí a là sí ojú ọ̀nà rẹ̀ ni ó ń darí rẹ̀. Páànù ni wọ́n fi ṣe ara àwọn ti àkọ́kọ́, kí wọ́n tó máa lo ike. Páànù náà ni ti ọmọ Mushin: agolo mílíìkì tàbí ti sàdíìnì. Ìdérí ìgò tàbí awẹ́ sílípáàsì tí a gé róbótó ni ẹsẹ̀ rẹ̀, wáyà ni ó so wọ́n pọ̀, okùn ni a fi ń fà á.

Àwọn kan yóò ní àìrí àdán ni a fi ń fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí ó ni Scalextric ayé ìgbà náà kò lè yà kúrò lójú ihò. Eré àti ìdúró nìkan ni ìkáwọ́ rẹ̀. Ọmọ alágolo ni alágbẹ̀dẹ, òun náà ni awakọ̀. Ibi tí ó bá wù ú ni ó ń yà sí. Kì í sì í ṣe Ferrari tí kò fojú rí rí ni ó ń ṣe, bí kò ṣe ohun tí ń kọjá ní títì: bọ̀lẹ̀kájà, mólúè, àti Volkswagen tí a ń pè ní ìjàpá.

Ẹ jẹ́ kí a wo iṣẹ́ àgbà wò. Òkè òkun ni ẹ́ńjìnnì bọ̀lẹ̀kájà àti irin ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti wá, ṣùgbọ́n káfíńtà wa ni ó ń kan pákó lé e. Bákan náà ni àwọn jórinjórin wa ṣe ń kọ́ ara mólúè lé Mercedes 911. Ọgbọ́n kan náà ni ti ọmọdé àti ti àgbà: wọ́n gba ohun tí ẹlòmíràn ṣe, wọ́n sọ ọ́ di tiwọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí iléeṣẹ́ Volkswagen bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ọ̀jọ́ ní 1975, pátì tí a kó ti òkè òkun dé ni wọ́n ń tò pọ̀ níbẹ̀. Nígbà tí ó di àwọn ọdún 1990, iṣẹ́ náà dẹnu kọlẹ̀. Ní Mushin gan-an, ọjà Ládípò ṣì ń ta pátì àlòkù fún wa títí di òní.

Ohun tí ó dùn mí ni pé a kò fi afárá so ọwọ́ tí ó mọ agolo gé mọ́ iléeṣẹ́ tí ń to pátì. Yorùbá ní ọmọ tí yóò jẹ́ àṣàmú, kékeré ni yóò ti máa jẹnu ṣámúṣámú. Àwọn ọmọ wọ̀nyí jẹnu ṣámúṣámú lójú wa. Àwa àgbà ni a kò dúró gbọ́.