Ìbínú Ọmọ Inú Ilé: Àwọn Tó Kẹ̀yìn sí Ẹ̀sìn Kírísítì, láti Lọ́kọ́ja dé Ìkẹ́nnẹ́

Bí ẹnì kan bá sọ pé òun ò gbà pé Ọlọ́run wà, tó sì ń sọ̀rọ̀ líle sí ẹ̀sìn Kírísítì, ìbéèrè tí àwọn oníwàásù sábà máa ń bi í ni pé: kí wá ló ń bí ọ nínú sí ohun tí o ní kò sí? Ìbéèrè náà dùn ún bi, àmọ́ ó fo kókó ọ̀rọ̀. Ìbínú àwọn aláìgbàgbọ́ wọ̀nyí kì í sábà kọjú sí Ọlọ́run. Ṣọ́ọ̀ṣì ló kọjú sí: àwọn tó ń darí rẹ̀, owó rẹ̀, ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀, àti bó ṣe di ìgbéyàwó àti ìsìnkú mú ṣinṣin. Èrò mi nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé bí agbára ìjọ lórí ìgbé-ayé ẹnì kan bá ṣe pọ̀ tó ni ìbínú onítọ̀hún ṣe máa ń gbóná tó lọ́jọ́ tó bá fẹ́ jáde. Irú ìbínú bẹ́ẹ̀ ò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ilẹ̀ Yorùbá. Ọ̀nà mìíràn ló ń gbà jáde tẹ́lẹ̀ ni.

Otokiti ní Lọ́kọ́ja dára láti fi bẹ̀rẹ̀. Bíi ti àwọn àdúgbò mìíràn ní olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Kogí, onírúurú ènìyàn ló ń gbé pọ̀ níbẹ̀: Ọwọ́rọ̀, Yàgbà, Bùnú, Ìgalà, Ẹ̀bìrà, Núpé, Kìrìsìtẹ́nì àti Mùsùlùmí. Ní irú àdúgbò bẹ́ẹ̀, ibi tí èèyàn ń jọ́sìn kì í ṣe ọ̀rọ̀ abẹ́lé. Onílé lè béèrè ṣọ́ọ̀ṣì tí ayálégbé tuntun ń lọ kó tó fún un ní kọ́kọ́rọ́. Àyè ẹ̀sìn wà nínú fọ́ọ̀mù ilé-ìwé àti káàdì ilé-ìwòsàn, ẹni tó bá sì fẹ́ fi í sílẹ̀ lófìfo yóò ṣe àlàyé fún akọ̀wé. Bí ọmọ bá fẹ́ fẹ́yàwó, àwọn òbí ọmọbìnrin á fẹ́ mọ pásítọ̀ tí yóò so wọ́n pọ̀. Bí bàbá àgbàlagbà bá kú, àwọn ìjọ mìíràn wà tó jẹ́ pé ìwé tí wọ́n fi ń san owó ìjọ ni wọ́n á kọ́kọ́ ní kí àwọn ọmọ mú wá. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó bá sọ pé òun ò gbàgbọ́ mọ́ nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, gbogbo ohun wọ̀nyí ló fọwọ́ kàn lẹ́ẹ̀kan náà.

Abala 38 nínú òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999 fún gbogbo ènìyàn lómìnira láti yí ẹ̀sìn tàbí ìgbàgbọ́ wọn padà. Òfin ò kúkú níṣòro. Àmọ́ òfin kì í bá èèyàn lọ ìdáná, kì í sì í bá a dúró nídìí sàréè. Nígbà tí àjọ WIN-Gallup wádìí ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn ní orílẹ̀-èdè púpọ̀ ní 2012, ìdá 93 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n bi léèrè ló pe ara wọn ní ẹlẹ́sìn. Gánà nìkan ló kọjá wa, pẹ̀lú ìdá 96. Ẹni tó bá wà níta irú agbo bẹ́ẹ̀ mọ̀ pé òun wà níta.

Ìtàn Lọ́kọ́ja fúnra rẹ̀ fi hàn pé ìjà ọmọ inú ilé pẹ̀lú ìjọ ti pẹ́. Àjàyí Crowther bá ọkọ̀ ojú omi àwọn Òyìnbó gba ibẹ̀ kọjá ní 1841. Nígbà tó di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864, Bíṣọ́ọ̀bù adúláwọ̀ àkọ́kọ́ nínú ìjọ Áńgílíkà, etí Odò Ọya wà lábẹ́ àbójútó rẹ̀. Ọdún 1865 ni ilé-ìwé Holy Trinity bẹ̀rẹ̀ ní Lọ́kọ́ja, èyí tí wọ́n kà sí ilé-ìwé àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní apá Àríwá Nàìjíríà. Adúláwọ̀ ni àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ Crowther, púpọ̀ nínú wọn sì jẹ́ ọmọ àwọn tí wọ́n gbà sílẹ̀ lóko ẹrú tí wọ́n dá dó sí Sàró.

Ní 1890, àwọn ọ̀dọ́ Òyìnbó ajíhìnrere dé. Graham Wilmot Brooke àti J. A. Robinson ló ṣáájú wọn, Lọ́kọ́ja ni wọ́n sì fi ṣe ibùdó. Wọ́n wo iṣẹ́ àwọn adúláwọ̀, wọ́n ní ìwà wọn kò mọ́, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ wọ́n níṣẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nínú ìpàdé ìgbìmọ̀ ní Oníṣà lọ́dún náà, ojú bíṣọ́ọ̀bù àgbàlagbà náà ni wọ́n ti fi iṣẹ́ tó fi ọdún púpọ̀ ṣe ṣe yẹ̀yẹ́. Crowther fi ìgbìmọ̀ náà sílẹ̀, ó sì kú ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 1891. Robinson kú ní Lọ́kọ́ja ní 1891, Brooke sì kú níbẹ̀ ní 1892. Ìwé J. F. Adé Àjàyí lórí àwọn ìjọ ajíhìnrere, tó jáde ní 1965, àti èyí tí E. A. Ayándélé tẹ̀ ní 1966, jọ fi hàn pé ọ̀rọ̀ yìí dun àwọn ọ̀mọ̀wé Èkó wọra. Àwọn tí ìjọ tọ́, tí ìjọ kọ́ ní ìwé, ló ń rí i pé ìjọ kan náà ò fẹ́ kí àwọn jókòó lórí àga tí ó ní àwọn lè dé.

Síbẹ̀, ìbínú náà kò sọ wọ́n di aláìgbàgbọ́. Ìjọ mìíràn ni wọ́n fi dá. Àwọn Onítẹ̀bọmi ti ya ní Èkó ní 1888. Ọ̀kan nínú àwọn aṣíwájú wọn, David Brown Vincent, bọ́ orúkọ Òyìnbó sílẹ̀ ní 1894, ó di Mọ́jọlà Àgbébí. Ní 1901 ni àwọn kan kúrò ní ṣọ́ọ̀ṣì St. Paul's Breadfruit ní Èkó, wọ́n dá African Church sílẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ James Johnson, àlùfáà ìjọ náà. Nígbà tí ìsọjí Joseph Ayọ̀ Babalọlá bẹ́ sílẹ̀ ní Òkè-Oòyè, Iléṣà, ní 1930, àwọn tí ṣọ́ọ̀ṣì Òyìnbó sú tún rí ibi gbà lọ. Èyí ni mo rò pé àwọn onímọ̀ ilẹ̀ òkèèrè kì í sábà rí. Fún bí ọgọ́rùn-ún ọdún, ẹni tí ìjọ bá bí nínú ní ilẹ̀ Yorùbá máa ń rí ilẹ̀kùn kejì, Ọlọ́run sì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn náà. Nígbà tí àwọn ilé kejì wọ̀nyí fúnra wọn di ńlá, tí wọ́n ní ilé-ìwé àti báńkì, ni àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀nà tó jáde kúrò nínú ọgbà pátápátá.

Táí Ṣólàrín ò dúró de ìgbà yẹn. Ìkẹ́nnẹ́ ni wọ́n ti bí i ní 1922, ó sì kàwé ní Wesley College, Ìbàdàn, ilé-ẹ̀kọ́ àwọn Mẹ́tọ́díìsì tí wọ́n ti ń kọ́ olùkọ́. Ó bá àwọn ọmọ ogun òfuurufú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣiṣẹ́ nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ó sì kàwé ní Manchester kó tó padà wálé. Nígbà tó jẹ́ ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ Molusi ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ó fẹ́ fòpin sí àdúrà òwúrọ̀ àti orin ìsìn nínú ilé-ẹ̀kọ́, ìyẹn ò sì bá àwọn aláṣẹ lára mu. Ó kúrò níbẹ̀. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kìíní ọdún 1956, òun àti ìyàwó rẹ̀, Sheila, ṣí ilé-ẹ̀kọ́ Mayflower ní Ìkẹ́nnẹ́. Kò sí ilé àdúrà níbẹ̀. Oko wà, iṣẹ́ ọwọ́ wà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì ń fi ọwọ́ ara wọn ṣe púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n ń lò.

Ẹ wo ọdún náà dáadáa. Ọdún kan ṣáájú, ní oṣù Kìíní 1955, ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, síbẹ̀ ọwọ́ àwọn ìjọ ni ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ṣì wà. Olùkọ́ tó bá fẹ́ jẹun níbẹ̀ gbọ́dọ̀ wà nínú ìjọ, tàbí kó ṣe bí ẹni wà nínú rẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí Ṣólàrín ń fi kálámù na àwọn oníṣọ́ọ̀ṣì nínú ìwé ìròyìn, ìjà ẹni tó fẹ́ gba iṣẹ́ olùkọ́ lọ́wọ́ àlùfáà ló ń jà. Ẹni tó bá sọ pé ìṣẹ̀lẹ̀ kan ló ṣe é ní ìgbà èwe tó fi ń bínú kò ka ìgbà náà. Ìjà rẹ̀ ní ibi tó dojú kọ, kò sì dáwọ́ dúró títí ó fi kú ní 1994. Mo gbà pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa ń ga jù nígbà mìíràn, tó sì máa ń ṣe bí ẹni pé kò sí ohun rere kan tí ìjọ ṣe. Ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ kan náà ló kọ́ ọ bí a ti í jà.

Wọlé Ṣóyínká àti Fẹlá, ìbátan méjì láti Abẹ́òkúta, gba ọ̀nà tiwọn. Bàbá Ṣóyínká ni ọ̀gá ilé-ìwé St. Peter's ní Aké, ìyá rẹ̀ sì lágbára nínú ìgbàgbọ́. Àjọ àwọn onímọ̀-ọmọnìyàn lágbàáyé, tí wọ́n gbé ìwà rere ka ènìyàn dípò Ọlọ́run, fún un ní àmì-ẹ̀yẹ ní 2014. Bàbá Fẹlá jẹ́ àlùfáà, bàbá rẹ̀ àgbà náà sì jẹ́ àlùfáà àti olórin ìsìn. Fẹlá gé Ransome kúrò lára orúkọ rẹ̀, ó sì kọrin tako ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́sáláṣí, àmọ́ àwọn òrìṣà ló yíjú sí. Kì í ṣe aláìgbàgbọ́. Ibi tí ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì ti pàdé ni pé ilé àlùfáà tàbí ilé-ìwé ìjọ ni wọ́n ti jáde.

Kí ni àwọn onímọ̀ ilẹ̀ òkèèrè rí? Phil Zuckerman fọ̀rọ̀ wá ènìyàn 87 lẹ́nu wò ní Amẹ́ríkà fún ìwé kan tó jáde ní 2012 lórí àwọn tó fi ẹ̀sìn sílẹ̀. Kò sí ìdí kan ṣoṣo: àdúrà tí kò gbà, ikú olólùfẹ́, ẹ̀kọ́, ìbálòpọ̀, ìwà àwọn aṣáájú. Ohun tó tún kọ ní 2008 nípa Dẹ́ńmáàkì àti Swídìn wúlò fún wa ju èyí lọ. Àwọn ará ibẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ gbàgbọ́, síbẹ̀ wọ́n ń ṣe ìrìbọmi fún ọmọ, ọ̀pọ̀ wọn sì ń san owó orí ìjọ láìkùn. Ṣọ́ọ̀ṣì ò lè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn, kò lè dá ìgbéyàwó wọn dúró. Kí ni wọ́n fẹ́ bínú sí?

Christopher Silver àti Thomas Coleman ní Tennessee pín àwọn aláìgbàgbọ́ tí wọ́n ṣèwádìí lórí wọn ní 2013 sí ọ̀wọ́ mẹ́fà. Àwọn tó ń bá ẹ̀sìn jà kò ju ìdá 14.8 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Àwọn tí ìmọ̀ ìwé ń fà ló pọ̀ jù. Nítorí náà, ẹni tó ń pariwo ni gbogbo ayé ń gbọ́, kì í ṣe òun ló pọ̀ jù. Julie Exline àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, nínú ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ ní 2011, fi hàn pé ìbínú sí Ọlọ́run wọ́pọ̀ láàrin àwọn onígbàgbọ́ pàápàá. Àwọn pásítọ̀ tó ń sọ pé ọgbẹ́ ọkàn ló ń lé àwọn aláìgbàgbọ́ kiri yẹ kó rántí pé àwọn ọlọ́gbẹ́ kan náà kún inú ìjọ wọn.

Àlàyé Joseph Henrich ni mo rò pé ó bá tiwa mu jù. Ní 2009, ó kọ̀wé pé ènìyàn kì í gba ẹ̀kọ́ ẹlòmíràn gbọ́ lórí ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan. Ó ń wò bóyá olùkọ́ fúnra rẹ̀ ń san iye tí ẹ̀kọ́ náà ń béèrè. Ẹ fi ìdámẹ́wàá wò ó. Nígbà tí oníròyìn rédíò Ifẹ́dayọ̀ Ọlárìndé, tí wọ́n ń pè ní Daddy Freeze, bẹ̀rẹ̀ sí í tako ìdámẹ́wàá, ariwo ńlá sọ. Òun ò sọ pé Ọlọ́run ò sí, ṣùgbọ́n ó fi ohùn sí ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń sọ nínú bọ́ọ̀sì. Ìyá tó fi ọrẹ rẹ̀ kọ́ yunifásítì ìjọ kò lè san owó ilé-ẹ̀kọ́ níbẹ̀. Babcock wà lára àwọn yunifásítì aládàáni àkọ́kọ́ tí ìjọba fún láṣẹ ní 1999, Covenant tẹ̀ lé e ní 2002, lẹ́yìn wọn ni àwọn mìíràn ń rọ́ dé. Nígbà ayé Crowther, ọmọ aláìní ni ilé-ìwé ìjọ ń wá kiri. Ọmọ ìyá náà tó ń jókòó ní Otokiti láìríṣẹ́ ń ṣírò ohun tí ìyá rẹ̀ ti san, ìṣirò náà ò sì jẹ́ kó rí oorun sùn.

Ọ̀rọ̀ àjẹ́ tún wà níbẹ̀. Leo Igwe, tó ti kẹ́kọ̀ọ́ láti di àlùfáà Kátólíìkì kó tó dá ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀-ọmọnìyàn sílẹ̀ ní Nàìjíríà ní 1996, ń bá àwọn tó ń pe ọmọdé ní àjẹ́ jà. Ní 2009, àwọn ọmọ ìjọ kan ya wọ ibi ìpàdé tó ṣètò ní Kàlàbá, wọ́n sì lù ú. Ẹni tí wọ́n bá ti nà lórí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, mi ò rí ìdí tí a ó fi ní kó máa fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀sìn.

Àmọ́ kì í ṣe ìwà àwọn aṣáájú nìkan. Omi Ọya àti Bẹ́núé kún bo apá kan Lọ́kọ́ja ní 2012, ó sì tún ṣe bẹ́ẹ̀ ní 2022. Oníwàásù tó bá sọ fún ẹni tí omi gbé ilé rẹ̀ lọ pé ẹ̀ṣẹ̀ ìlú ló fà á ń dán an wò gidigidi, pàápàá bí onítọ̀hún bá ti gbọ́ pé omi tí wọ́n tú sílẹ̀ láti ìsédò Lagdo ní Kamẹrúùnù wà lára ohun tó fa àgbàrá náà. Ẹlòmíràn á ṣì jókòó nínú ìjọ. Ẹlòmíràn á dìde, kò ní bínú, á kàn sinmi wíwá.

Àwọn tó sinmi wíwá yìí ni mo rò pé ó pọ̀ jù, àwọn sì ni ìwádìí ò tíì kàn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣì ń kọ Kìrìsìtẹ́nì sínú fọ́ọ̀mù, wọ́n sì ń tẹ̀ lé ìyá wọn lọ ìdúpẹ́ ọdún tuntun. Bí èrò tí mo gbé kalẹ̀ bá tọ́, ó ṣeé dán wò láti Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ tó wà ní Lọ́kọ́ja láti 2011: kí àwọn olùwádìí bá àwọn tó ṣègbéyàwó ní kọ́ọ̀tù nìkan sọ̀rọ̀, àti àwọn tó sin òkú wọn sí itẹ́ gbogbogbòò, kí wọ́n sì fi ohùn wọn wé ti àwọn tí ìjọ ti dá ìgbéyàwó tàbí ìsìnkú wọn dúró rí. Mo retí pé ohùn àwọn àkọ́kọ́ ni yóò rọ̀ jù, ì báà jẹ́ pé wọn ò gba Ọlọ́run gbọ́ rárá.