Ìgbìmọ̀ Adìbòyan-Ààrẹ ti Amẹ́ríkà

Ìgbìmọ̀ yìí ni àwọn aṣojú 538 tí òfin ìpìlẹ̀ Amẹ́ríkà, tí wọ́n kọ ní Philadelphia lọ́dún 1787, fún lágbára láti yan ààrẹ. Ẹni tó bá rí ìbò 270 gbà ló wọlé. Iye aṣojú ìpínlẹ̀ kan jẹ́ àròpọ̀ àwọn sẹ́nétọ̀ rẹ̀ méjì àti àwọn aṣojú-ṣòfin rẹ̀. Ní ìpínlẹ̀ 48, ẹni tí ìbò rẹ̀ pọ̀ jù ló ń kó gbogbo aṣojú lọ.

Ètò yìí ló mú kí ọ̀pọ̀ máa béèrè pé ṣé lóòótọ́ ni ará ìlú ń yan olórí wọn. Lọ́dún 2016, ìbò Hillary Clinton fi ohun tó lé ní mílíọ̀nù méjì ju ti Donald Trump lọ, síbẹ̀ Trump ló wọlé. Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní 1876, 1888 àti 2000. Àwọn alátìlẹyìn ètò náà ní kì í jẹ́ kí ìpínlẹ̀ ńlá fọwọ́ rọ́ kékeré sẹ́yìn.

Ilé Aṣojú-ṣòfin dìbò láti fòpin sí ètò náà lọ́dún 1969; ilé ìgbìmọ̀ àgbà ni àbá náà kú sí lọ́dún 1970.