Orin Tí Ó Mú Ìdílé Kan Padà sí Sàró

Ẹ̀yin ará, àwọn baba wa a máa wí pé odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀ yóò gbẹ. Ṣùgbọ́n àwọn tí a fi agbára kó lẹ́rú ńkọ́, tí a kò jẹ́ kí wọ́n mọ orísun náà mọ́? Ìtàn ìdílé Moran, ní ìpínlẹ̀ Georgia ní Amẹ́ríkà, yẹ fún àròjinlẹ̀ wa.

Ní ayé òwò ẹrú, àwọn olóko ìrẹsì ní Georgia àti South Carolina a máa fẹ́ ra àwọn ènìyàn Sàró àti agbègbè rẹ̀, nítorí tí wọ́n mọ iṣẹ́ ìrẹsì. Láàárín ọdún 1930 sí 1939, ọ̀mọ̀wé aláwọ̀ dúdú kan, Lorenzo Dow Turner, gba ohùn Amelia Dawley sílẹ̀ ní abúlé Harris Neck. Orin kúkúrú kan ni obìnrin náà kọ, tí ó ti gbọ́ lẹ́nu àwọn ìyá rẹ̀, ṣùgbọ́n kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Èdè Mende ti ilẹ̀ Sàró ni! Turner tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ní 1949.

Ó ju ogójì ọdún lọ lẹ́yìn ìgbà tí a gba orin náà sílẹ̀ kí Joseph Opala àti Cynthia Schmidt tó mú un tọ àwọn ará Mende lọ. Ní ìletò Senehun Ngola, wọ́n rí Bendu Jabati, ẹni tí ó mọ̀ ọ́n. Orin ìdágbére fún òkú ni, tí àwọn obìnrin ń kọ lójú oórì. Ìyá-ńlá rẹ̀ ni ó fi kọ́ ọ, tí ó sì pàṣẹ pé kí ó pa á mọ́, nítorí pé òun ni a ó fi mọ àwọn ìbátan tí ó ti sọnù.

Mary Moran, ọmọ Amelia, mọ orin náà pẹ̀lú. Ogun tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Sàró ní 1991 dí ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ní 1997, òun àti àwọn ará ilé rẹ̀ dé Senehun Ngola, obìnrin méjèèjì sì fojú kan ara wọn. Ní oṣù karùn-ún ọdún náà ni àwọn sójà gba ìjọba, ogun kò sì parí títí di 2002.

Ẹ jẹ́ kí a kíyè sí i: kì í ṣe ọba, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọlọ́rọ̀, ni ó pa ọ̀nà ilé mọ́ fún ìdílé yìí. Àwọn ìyá ni, nínú ilé wọn. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa tí a bí sí ìlú òkèèrè kò gbọ́ èdè ìyá-ńlá wọn mọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tí ó jí wọn gbé. Kí a máa bá wọn sọ ọ́, kí a sì máa kọ ọ́ lórin fún wọn, nígbà tí àyè ṣì wà.