Íǹkì Íńdíà àti gègé ìyàwòrán ní Òṣogbo

Íǹkì Íńdíà jẹ́ íǹkì dúdú tí àwọn ayàwòrán máa ń fi gègé tàbí búrọ́ọ̀ṣì lò. Kábọ́ọ̀nù ni ó mú un dúdú, ìyẹn dúdú èéfín, irú èyí tí àtùpà elépo máa ń kó jọ sára ògiri. A ó pò ó mọ́ omi àti ohun tí yóò mú un lẹ̀ mọ́ bébà. Ilẹ̀ Ṣáínà ni a ti ń ṣe é láti ayébáyé. Ọ̀nà òwò tó gba Íńdíà kọjá ni ó jẹ́ kí àwọn Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́ ní orúkọ yìí. Íǹkì Ṣáínà ni àwọn Faransé ń pè é títí di òní. Ní ilẹ̀ Yorùbá, a kò lè sọ̀rọ̀ nípa àwòrán gègé àti íǹkì kí a má dárúkọ ìlú Òṣogbo, pàápàá nítorí iṣẹ́ Twins Seven-Seven.

Tàdáwà àti ìyẹ́ adìyẹ

Íǹkì kì í ṣe àjèjì sí Yorùbá. Ó ti pẹ́ tí àwọn àfáà ti ń fi kálámù àti tàdáwà kọ wàláà fún àwọn ọmọ ilé-kéú. Ṣùgbọ́n a ṣe tàdáwà wàláà kí ó lè ṣeé fọ̀ ni. Bí ọmọ bá ti mọ ẹ̀kọ́ rẹ̀, wọn a fi omi fọ wàláà, wọn a sì kọ òmíràn sí i; omi tí a fi fọ irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni àwọn kan ń mu ní hàńtú. Òdìkejì rẹ̀ gan-an ni íǹkì Íńdíà tí a fi shellac pò: bí ó bá ti gbẹ, omi kò lè ṣí i kúrò mọ́.

Àwọn aládìrẹ ẹlẹ́kọ ní Òṣogbo, Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta náà ní irú gègé tiwọn. Ìyẹ́ adìyẹ ni wọ́n ń tì bọ inú ẹ̀kọ tí a fi láfún sè, tí wọ́n fi ń fa ìlà àti àmì tó-tò-tó sára aṣọ funfun kí wọ́n tó rẹ ẹ́ sínú aró. Ojú tó bá ti mọ iṣẹ́ aládìrẹ kò ní ṣe àjèjì sí àwòrán tí ìlà wẹ́wẹ́ kún inú rẹ̀ títí tí kò fi sí àyè tó ṣófo.

Mbárí Mbáyọ̀ àti Twins Seven-Seven

Ní ọdún 1962 ni Dúró Ládipọ̀, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ Ulli Beier tó jẹ́ ọmọ Jámánì, dá ẹgbẹ́ Mbárí Mbáyọ̀ sílẹ̀ ní Òṣogbo. Ibẹ̀ ni Georgina Beier ti ṣe ètò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àwòrán ní ọdún 1964 fún àwọn ọ̀dọ́ tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò kọ́ iṣẹ́ ọnà rí. Olúkúlùkù ló wá rí ohun tó bá ọwọ́ rẹ̀ mu. Jímọ̀ Buráímọ̀ mú ìlẹ̀kẹ̀, Adébísí Fábùnmi ọmọ Ìbòkun ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà sì di ẹni tí a mọ̀ mọ́ àwòrán títẹ̀ àti àwòrán olówùú.

Gègé ni Twins Seven-Seven mú. Táíwò Ọláníyì ni orúkọ rẹ̀. Ọdún 1944 ni a bí i, ó sì sọ pé òun nìkan ló yè nínú ìbejì méje tí ìyá òun bí léraléra, èyí tó fi sọ ara rẹ̀ ní orúkọ náà. Oníjó tó ń bá olóògùn kiri ni kó tó dara pọ̀ mọ́ Mbárí Mbáyọ̀. Nínú àwòrán rẹ̀, iwin, ẹranko àti igi máa ń wọnú ara wọn, tí ìlà íǹkì tín-ín-rín yóò sì bo gbogbo awọ ara wọn. Àwọn ènìyàn sábà máa ń fi wọ́n wé ìtàn Amos Tutùọlá. Nígbà tó yá, ó ń fi àwọ̀ kún íǹkì lórí pákó pílàíwúùdù. Àjọ UNESCO fi í ṣe Òṣèré Ọnà fún Àlàáfíà ní ọdún 2005. Ó kú ní Ìbàdàn ní oṣù kẹfà ọdún 2011.

Yíyan gègé

Gègé àtìbọ̀ ni ó dàgbà jù: ẹnu irin kékeré tí a fi bọ ẹ̀yìn igi. Bí a bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ẹnu rẹ̀ yóò là, ìlà yóò sì nípọn. Bí a bá dẹ ọwọ́, yóò tín-ín-rín. Òun ló ń fi ẹ̀mí sínú ìlà jù, òun náà ló sì nira jù láti kọ́.

Gègé alápò tóóró ń fa ìlà tí ìwọ̀n rẹ̀ kì í yí padà. Ilé-iṣẹ́ Rotring ní Jámánì gbé Rapidograph jáde ní ọdún 1953, àwọn ayàwòrán ilé sì lò ó gan-an kí kọ̀ǹpútà tó gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìwọ̀n rẹ̀ máa ń jẹ́ 0.13, 0.18, 0.25, 0.35, 0.5, 0.7 àti 1.0 mílímítà. Èyí tó kéré jù tètè ń dí, kì í sì í ṣe ohun tí olùbẹ̀rẹ̀ nílò.

Gègé olówùú, bíi Pigma Micron ti ilé-iṣẹ́ Sakura ní Japan, ni ó rọrùn jù. A kì í rọ íǹkì sí i. Bí ó bá tán, a ó jù ú nù. Fún ẹni tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀, méjì nínú èyí, tín-ín-rín kan àti nípọn kan, pẹ̀lú gègé àtìbọ̀ kan, ti tó.

Ohun kan ni kí a ṣọ́ra fún: a kì í rọ íǹkì Íńdíà sínú gègé ìkọ̀wé olómi lásán. Yóò gbẹ sínú ọ̀nà rẹ̀, yóò sì ba á jẹ́.

Lílò rẹ̀

Ẹnu gègé tuntun máa ń ní òróró lára kí ó má baà dípata. Ọṣẹ àti aṣọ ni a fi ń nù ún kúrò, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ íǹkì kò ní dúró lára rẹ̀. A kò gbọ́dọ̀ tì í jìn jù sínú íǹkì. Ní àkókò ọyẹ́, íǹkì máa ń yára gbẹ sẹ́nu gègé, nítorí náà kí omi àti àkísà wà nítòsí, kí a sì máa nù ún láàrin iṣẹ́.

Bébà tó dán tó sì nípọn ló dára. Lórí bébà ìwé ilé-ẹ̀kọ́ lásán, íǹkì máa ń tàn káàkiri bí omi lórí aṣọ.

Bí ayàwòrán bá fẹ́ fi àwọ̀ olómi bo ìlà rẹ̀, kí ó kọ́kọ́ dán íǹkì náà wò, nítorí kì í ṣe gbogbo ìgò tí a kọ Íńdíà sí lára ni omi kò lè ṣí. Kí ó fa ìlà mẹ́ta sórí àjákù bébà, kí ó jẹ́ kí wọ́n gbẹ dáadáa, kí ó sì fi búrọ́ọ̀ṣì tútù kọjá lórí wọn. Èyí tó bá ṣàn yóò ba iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan jẹ́ ní ìṣẹ́jú kan. Bẹ́ẹ̀ náà ni bírò àti ọ̀pọ̀ íǹkì aláró máa ń ṣá bí oòrùn bá ń pa wọ́n, nígbà tí kábọ́ọ̀nù kì í ṣá.

Àṣìṣe lórí bébà tó nípọn ṣeé fi abẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ha kúrò bí íǹkì bá ti gbẹ, kí a sì fi èékánná dán ojú ibẹ̀ kí a tó tún ìlà fà lé e.